Ìjàpá Tí Kì Í Rú Èéfín

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gbẹ́ni kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní bí gbogbo wa bá lè máa wa mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná, èéfín orílẹ̀-èdè yìí á dínkù, afẹ́fẹ́ á mọ́, àwọn ọmọ wa á sì máa mí dáadáa. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó dà bí ohùn ẹni tí wọn ò mú iná lọ nílé rẹ̀ rí. Ilá ni mò ń gé lọ́wọ́, mo sì bá ara mi níbi tí mo ti ń dá a lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́ mi: "Ọ̀gá, iná ọ̀hún ńkọ́, kí lẹ fi ń dá a? Èéfín tẹ́ ẹ lé kúrò ní títì, ilé ta ló kó lọ?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe tèmi. Bàbá mi ló ni ín. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti béèrè rẹ̀, nígbà tí mo ṣì wà ní girama, tí a ṣì ń to ìlà gígùn nítorí epo bẹntiróòlù bí ẹni tó ń to ìlà àtiwọ ọ̀run. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ló sì ná kó tó mọ ìdáhùn rẹ̀.

Theophilus Bọ́dúnrìn lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ má bínú pé mò ń pe bàbá mi ní "ó". Bí mo bá pè é ní "wọ́n", ẹ ó máa rò pé èrò rẹpẹtẹ ló ṣe ohun tí òun nìkan ṣe. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, kò sì lè jókòó ti ohunkóhun tó ń yí láìtú u wò. Ó ti tú fáànù wa, ó ti tú rédíò wa, ó ti tú aago ògiri tí ìyá ìyá mi fún òun àti ìyá mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, aago náà ò sì rántí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mọ́tò rẹ̀ ni Fọ́síwágìn aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí a ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí róbótó. Létí títì tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Imùṣin nilé wa wà.

Ayé ìgbà náà ò rọrùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Owó oṣù àwọn tíṣà a máa ṣe bí àlejò, bó bá wù ú kó dé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n padà síbẹ̀ lónìí, mi ò ní dúró wọ bàtà. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbóòórùn ẹ̀yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ gààrí.

Ìyá mi, Rachel, ló ń ṣe gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú gidi ni o, èyí tó kan dé eegun, tó gbẹ, tí kì í wú gèdèǹgbè nínú omi bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Owó rẹ̀ ló ń gbé wa ró bí owó oṣù bàbá mi bá ti fẹsẹ̀ kọ. Àgọ́ kan wà lẹ́yìn ilé, òrùlé rẹ̀ kúrú, ògiri rẹ̀ jẹ́ pákó, ààrò sì wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú agbada fífẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi kì í dá yan gààrí. Àáró ni àwọn obìnrin àdúgbò ń ṣe: lónìí wọ́n á jọ yan tèmi, ọjọ́ mìíràn á kan tìẹ, inú àgọ́ wa ni gbogbo wọn sì ti ń ṣe é nítorí pé òun ló tóbi jù. Àáró kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ẹnìkan bá ti jókòó ti ààrò yan gààrí rẹ, tí ooru iná ń jó o lójú nítorí rẹ, o ò lè dìde nígbà tó kàn án kó o ní ó rẹ̀ ọ́.

Ràmọ́tà, ìyàwó Àlàájì Wàhábì, ni ẹnìkejì ìyá mi níbẹ̀. Bí ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn lórí agbada tirẹ̀, Ràmọ́tà á fi wákà gbè é lórí tirẹ̀, orin méjèèjì á sì pàdé níbì kan tí pásítọ̀ àti lèmọ́mù ò ní lè tú wọn ká. Láti ẹnu ọ̀nà, ohùn wọn nìkan lèèyàn ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń rí ojú wọn.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. A kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ dúró. Ó wá di pé kò lè ti kànga dé ilé láìdúró di àyà mú. Bàbá mi gbé e lọ rí dókítà, èmi náà sì bá wọn lọ. Dókítà fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró àyà tẹ́tí sí ẹ̀yìn ìyá mi títí, ó yọ ọ́ létí, ó ní, "Tíṣà, èéfín ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ìyàwó yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé e kúrò nínú èéfín."

Bàbá mi gbé wa padà sílé. Bó ti ń ṣí géètì lọ́wọ́ ni lọ́rì Àlàájì Wàhábì kọjá, tó ń kó pákó bọ̀ láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tó sì tu èéfín dúdú kìtìkìtì sí wa lójú. Ìyá mi wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi wo lọ́rì náà títí ó fi sọnù, lẹ́yìn náà ó wo ìjàpá tirẹ̀, tí òun pẹ̀lú ń rú èéfín bí ẹni ń mu tábà. Mo mọ ìwò yẹn. Bó ṣe ń wo aago ògiri nìyẹn.

Kó tó di ọ̀la, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì ìjàpá jáde.

Oṣù pọ̀ tó fi wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí iná ń yí kan wà tó rí rà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, tó ti kú ní èbúté Àpápá, ó sì fi èyí dípò ẹ́ńjìnnì. Àlàájì Wàhábì ló fún un ní àwọn bátìrì lọ́rì tí yóò máa gbé ẹ̀rọ náà. Àlàájì yìí àti bàbá mi jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni, ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ mọ́ṣáláṣí, àwọn méjèèjì sì ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Gbà wọ́n," Àlàájì sọ nígbà tó kó bátìrì dé. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń ya wèrè."

"Bó bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Bó bá ṣiṣẹ́, èmi ni kó o kọ́kọ́ gbé."

"Ìyá Bùsọ́lá ni mo máa kọ́kọ́ gbé," bàbá mi dáhùn. Bùsọ́lá lèmi.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn ni, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ tuntun ṣì ń kan nínú àpò, tí òkúta ṣì wà lórí rẹ̀, tí kò sí iná lẹ́yìnkùlé. Ìyá mi jókòó níwájú pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Èmi wà lẹ́yìn, mo ká ẹsẹ̀ mi sókè nítorí pé bátìrì ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bàbá mi tẹ ohun kan mọ́lẹ̀.

Ìyá mi dúró díẹ̀. "Ẹ ò tíì tan án?"

"A ti ń lọ," bàbá mi sọ.

Ìyá mi bojú wo ìta, ó rí i pé igi ń kọjá.

Odógbolú la lọ, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ìyá mi. Mi ò lè gbàgbé ìrìn àjò yẹn. Yanrìn la ń gbọ́ lábẹ́ táyà. A gbọ́ àwọn ẹyẹ nínú oko kòkó. A gbọ́ obìnrin kan tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí nínú ilé, a sì mọ ohun tí ọmọ náà ṣe. Àwọn ewúrẹ́ ò yà fún wa, nítorí ewúrẹ́ ohùn mọ́tò ló ń yà fún, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn wa bóyá àwọn kan ń tì wá ni.

Nígbà tí a kúrò nínú ìlú, ìyá mi sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi wá sí ọ̀nà yìí?"

"Mo rántí."

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ra mọ́tò, ariwo ni mo máa ń pa kẹ́ ẹ tó gbọ́ mi. Ohun mìíràn wà téèyàn ò lè pariwo rẹ̀. Mo kàn ń gbé e mì ni."

"Kí ni ohun tó ò ń gbé mì?"

Ó sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bí mọ́tò náà ṣe dákẹ́ tó, èmi tí mo wà lẹ́yìn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ etí mi kì í ṣe etí lásán lọ́jọ́ náà. Mo kàn rí i pé bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó tún rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí báàgì tó wà lórí itan ìyá mi. Láti ilé dé Odógbolú, àlọ àti àbọ̀, ìyá mi ò wúkọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe gbà pé òun ti borí. Láti ìgbà náà, bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á wọ ìjàpá, wọ́n á sì lọ síbi tí bátìrì bá lè gbé wọn dé. Nígbà mìíràn wọn ò tilẹ̀ lọ rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn lọ, wọ́n á bọ̀. Ìyá mi a máa kun àtíkè.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, bàbá mi na ìka sí títì, ó ní, "Àlàájì, mú un pé gbogbo lọ́rì rẹ di oníbátìrì. Mú un pé gbogbo mọ́tò láti ibí dé Màídúgùrì di oníbátìrì. Ṣé o rí i bí èéfín tí ilẹ̀ Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run á ṣe dínkù?"

Àlàájì mu gààrí rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Níbo lo ti máa rí iná tó máa fún gbogbo wọn? Èyí tí Nẹ́pà ń fún wa yìí?"

"Omi Kànjì ló ń dá iná wa. Omi kì í rú èéfín."

"Omi Kànjì ò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, Tíṣà. Gílóòbù ilé mi ni kó o lọ bi."

Kò pẹ́ tí Nẹ́pà fi dá Àlàájì láre. Wọ́n mú iná lọ, wọn ò sì sọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Bátìrì kú fin-ín, ìjàpá dúró síwájú ilé bí ìjàpá tó kó orí wọlé. Ọjọ́ Àìkú kan kọjá láìjáde, ìyá mi ò sì kun àtíkè. Bàbá mi ò lè fara dà á. Ó lọ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ti lógbó, ó gbé e sẹ́yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn, níbi tí wáyà rẹ̀ ti lè dé ibi tí mọ́tò wà. Bí bátìrì bá ti sọ̀kalẹ̀, á fa jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ á bú, èéfín rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé lọ bá ìyá mi. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ikọ́ padà dé, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Tíṣà," Àlàájì sọ lọ́jọ́ kan, "ìjàpá rẹ ti jáwọ́ nínú sìgá lóòótọ́. Ó kàn gba ẹni tó ń bá a mu ún lẹ́yìnkùlé ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi rẹ́rìn-ín tirẹ̀ kẹ́yìn, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ní ọjọ́ kejì ó gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí fèrèsé, lọ sí ìdí ọgbà. Ikọ́ ò dínkù. Èyí ló dà á láàmú. Ó ti mú èéfín kúrò nínú mọ́tò, ó ti lé ti jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìdí ọgbà, èwo ló wá kù?

Ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ìwé. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn: bí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà bá di oníbátìrì, ǹjẹ́ èéfín ilẹ̀ wa á dínkù? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ó fa aṣọ ibùsùn funfun kan ya sí wẹ́wẹ́, ó so wọn káàkiri: ọ̀kan lára géètì níbi tí lọ́rì ti ń kọjá, ọ̀kan nídìí ìjàpá, ọ̀kan nídìí jẹnẹrétọ̀, ọ̀kan lójú fèrèsé yàrá. Ó ní èyí tó bá dúdú jù ló máa fi ọ̀tá hàn wá.

Ọjọ́ Sátidé ló kó wọn jọ. Ọjọ́ àáró ni, àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ nínú àgọ́. Bàbá mi kọ́ àwọn aṣọ náà sórí okùn tí a ń sá aṣọ sí lẹ́yìnkùlé, ó ń wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbéraga tíṣà sì wà lójú rẹ̀. Àlàájì, tó wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé, dúró tì í. Ti ìdí ìjàpá funfun báláú. Ti fèrèsé dà bí àwọ̀ eérú. Ti géètì àti ti jẹnẹrétọ̀ dúdú díẹ̀. Ó wá dé ọ̀dọ̀ aṣọ kan ní ìpẹ̀kun okùn, tó dúdú bí ìdí ìkòkò; ìdùnnú ò jẹ́ kó kà wọ́n.

"Òun nìyí," ó sọ. "Ẹ wá wò ó. Àlàájì, lọ́rì rẹ ló ṣe èyí."

"Lọ́rì mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ìjẹrin," Àlàájì sọ. "Kò gba títì yín kọjá."

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ibi tó so aṣọ náà sí ni ìyá mi jáde láti balùwẹ̀, tó ń fi tàwẹ́ẹ̀lì nu etí.

"Aṣọ mi lẹ mú yẹn. Mo kàn sá a síbẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́ ni."

"Aṣọ wo?"

"Èyí tí mo fi di imú nígbà tí à ń yan gààrí."

Bàbá mi yí aṣọ náà padà sí ìhà tó kan ojú ìyá mi. Níbi tí ihò imú rẹ̀ wà, àmì dúdú méjì wà níbẹ̀, wọ́n hàn kedere bí ẹni fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èémí ìyá mi ló yà á síbẹ̀.

Gbogbo wa wo àgọ́ náà, tí èéfín ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín pákó rẹ̀. Ojoojúmọ́ ayé wa la ti ń rí i. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ní Ìjẹ̀bú, èéfín gààrí kì í ṣe èéfín. Òórùn oúnjẹ ni, òórùn owó ilé ìwé ni, òórùn ìyá ẹni ni. Dókítà dárúkọ èéfín, bàbá mi wo títì, ìyá mi wo títì, èmi náà wo títì. A ṣe bí ẹni tó ń wá ohun tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ lọ sí Sókótó. Mi ò rí omi lójú bàbá mi rí. Mo rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Rachel, fi gààrí sílẹ̀," ó sọ. "Mo bẹ̀ ọ́. A ó jẹ ohun tí a bá rí."

Ìyá mi jókòó sórí odó. "Bẹ́ ẹ bá ní kí n fi tèmi sílẹ̀, mo lè fi í sílẹ̀. Àáró ńkọ́? Ràmọ́tà yan tèmi lónìí. Matilda tí a jọ ń ṣe àáró yan tèmi pẹ̀lú oyún nínú. Wọ́n ti fi èémí wọn yan gààrí fún mi, ṣé kí n wá sọ fún wọn pé tèmi ló níyì jù?"

Ràmọ́tà fẹ́ sọ pé kò sí wàhálà, ikọ́ ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé òun náà ń wúkọ́.

Bàbá mi mọ̀ pé òun ò lè gba ìyàwó òun kúrò nínú èéfín àyàfi bó bá gba gbogbo wọn. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó fi páànù ṣe ohun kan bí agboorùn ńlá lórí àwọn ààrò, ó so àgbá tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, ó fi wọ́n ṣe ihò tó gba orí òrùlé jáde. Wọ́n dáná. Èéfín wo ihò náà, ó ní òun ò lọ. Òrùlé ti kúrú jù, kò sí ohun tó máa fà á sókè. Bàbá mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó yí padà, ó sì wo iwájú ilé, níbi tí ìjàpá wà.

Ó lọ jókòó sínú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀, kò tan án, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó jáde, ó lọ mú sípánà.

Ìyá mi gbọ́ ìró irin, ó sáré jáde, ó bá a lábẹ́ ìjàpá.

"Bàbá Bùsọ́lá, ẹ fi í sílẹ̀."

"Ẹ̀rọ yìí lágbára. Bí mo bá so abẹ́bẹ̀ mọ́ ọn, á fa èéfín àgọ́ yẹn jáde bí ẹni fa okùn."

"Mo ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ikọ́ mi ti ń lọ."

Ó wúkọ́ bó ti sọ ọ́ tán. Bàbá mi fa ara rẹ̀ jáde lábẹ́ mọ́tò, gírísì wà ní iwájú orí rẹ̀.

"Nítorí kó o lè mí ni mo ṣe kọ́ ọ."

"Mo ń mí nínú rẹ̀."

"Ọjọ́ Àìkú nìkan lo ń mí nínú rẹ̀, Rachel. Ọjọ́ tó kù ńkọ́?"

Ìyá mi mú ilẹ̀kùn ìjàpá náà dání bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú. "Níbo la ti máa wá sọ̀rọ̀?" ó béèrè.

Bàbá mi fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. "Ẹ̀rọ nìkan ni mo ń yọ," ó sọ níkẹyìn. "Mi ò ní fọwọ́ kan àwọn ìjókòó rẹ̀."

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ yí nínú àgọ́, gbogbo àdúgbò ló wá wòran. Abẹ́bẹ̀ náà hùn, èéfín dìde, ó yí ara rẹ̀ po, ó sì gba ihò àgbá lọ sókè wọ̀ọ̀. Àgọ́ mọ́lẹ̀ kedere. Ràmọ́tà gbójú sókè láti orí agbada, ó wo ìyá mi tó wà níwájú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ìyá Bùsọ́lá," ó sọ, "o mà ti darúgbó."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé igbá tó fi ń yí gààrí sílẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín o, ikọ́ ò já a lẹ́nu. Bàbá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yí ojú rẹ̀ sí ògiri, ó ń ṣe bí ẹni ń yẹ wáyà wò.

Wọ́n wá ń dúró de ọjọ́ tí Nẹ́pà bá fún bátìrì lóúnjẹ kí wọ́n tó yan gààrí. Jẹnẹrétọ̀ náà, bàbá mi tà á. Àlàájì Wàhábì dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú eérú lórí fìlà rẹ̀, ó ní èéfín àgọ́ wa ti ń gba ojú fèrèsé òun wọlé. "Kò kú, Tíṣà. Ó kàn ṣílé ni."

"Mo mọ̀," bàbá mi dá a lóhùn. "Ó kúrò ní ọ̀fun àwọn ìyàwó wa ná. Ìyókù, a ó máa bá a jà."

Nílé ìwé, ó ní ìhà méjèèjì ló fìdí rẹmi nínú àríyànjiyàn náà. Àwọn tó ní èéfín á dínkù ò béèrè ibi tí iná ti ń wá. Àwọn tó ní kò ní dínkù ò tíì wọ mọ́tò tó dákẹ́ rí. Ó ní àwọn ìhà méjèèjì ka èéfín orílẹ̀-èdè lójú títì nìkan, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo inú àgọ́ gààrí, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè ló wà níbẹ̀ tó ń wúkọ́.

A ti ìjàpá lọ sẹ́yìnkùlé, sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Táyà rẹ̀ rọ̀, adìẹ gbìyànjú àtiyé síbẹ̀, ìyá mi lé wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń kun àtíkè, á sì mú báàgì rẹ̀. Bàbá mi á ṣí ilẹ̀kùn fún un. Wọ́n á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, wọn ò lọ síbì kan, ìyá mi á máa sọ ohun tí kò ṣeé pariwo rẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ. Ìyá mi, tí a bẹ̀rù pé kò ní pẹ́, pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, èémí rẹ̀ sì já gaara títí dé òpin. Ní ọdún tí a sin bàbá mi, mo wálé lọ́jọ́ Àìkú kan, mi ò bá ìyá mi nínú ilé. Mo rí i nínú ìjàpá, lórí ìjókòó tirẹ̀, báàgì rẹ̀ lórí itan. Mo ṣí ilẹ̀kùn kejì, mo jókòó sídìí ọwọ́ mọ́tò, níbi tí bàbá mi máa ń jókòó sí, mo sì gbóhùn sókè bí a ti ń ṣe fún àgbàlagbà: "Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ó fọwọ́ kàn mí létè.

"Má pariwo, Bùsọ́lá," ìyá mi sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Nínú mọ́tò yìí, a kì í pariwo. Bọ́ sẹ́yìn, ọmọ mi. Èèyàn wà lórí ìjókòó yẹn."